Ta ló ń ta ayò lórí ìyẹ́ bàálù?

Lọ́dún tí a ń kọ́lé ní Ìbàdàn, mo débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá púlọ́mbà tó ń fi òòlù fọ́ ògiri tí bíríkìlà rẹ́ lánàá. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kò tíì gbẹ dénú. Mo ní kí ló dé, ó ní páìpù omi ilé ìwẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gba inú ògiri yẹn kọjá. Kò pẹ́ tí bíríkìlà náà fi dé. Ó wo ògiri, ó wo púlọ́mbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Ká sòótọ́, mi ò rí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Bíríkìlà fẹ́ kí ògiri òun dán, púlọ́mbà fẹ́ kí omi òun dé òkè. Ògiri kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnìkejì. Èmi onílé ni mo ra sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì.

Ògiri yẹn ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí àbúrò mi kan bi mí pé kí ni "game theory" ń wá nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣètò bàálù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ń ta ayò níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàálù ni?" Mo ní wọ́n ń ta á dáadáa, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń rò.

Orúkọ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Èmi á máa pe ìmọ̀ náà ní ọgbọ́n ayò níbí, torí bí a bá ti ní "géèmù", ọkàn àwọn ọmọ ìwòyí ti dé orí fóònù. Ohun tó ń yẹ̀ wò ò le: èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oníkálukú ní ohun tó lè yàn, oníkálukú ní ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n ohun tó máa kan ẹnì kan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ó tún kù sọ́wọ́ ohun tí ẹnìkejì bá yàn. Ẹni tó bá jókòó sídìí ọpọ́n mọ èyí: ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sì sí bí o ṣe lè mọ ihò tó yẹ kí o kó láì kọ́kọ́ ro ohun tí ọ̀tá rẹ máa kó tẹ̀ lé e. John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó padà di ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1928. Ní 1944, òun àti Oskar Morgenstern, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ìwé ńlá lé e lórí, ọ̀rọ̀ ajé ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Bàálù ò sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó bá gbọ́ pé ọgbọ́n ayò wọ iṣẹ́ bàálù, Airbus àti Boeing, ilé iṣẹ́ ńlá méjì tó ń ṣe bàálù, ni wọ́n máa ń rò. Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ń ta ayò. Ní Oṣù Kejìlá 2010, Airbus kéde pé àwọn máa fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí bàálù wọn A320, wọ́n sọ ọ́ ní A320neo. Boeing tó ti ń ronú bàálù tuntun pátápátá yí ohùn padà ní Oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n kéde 737 MAX, ìyẹn bàálù wọn 737 àtijọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ayò ọjà nìyẹn, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé wà nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, láàárín àwọn tó ń gba owó oṣù látọwọ́ ọ̀gá kan náà.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣini lọ́nà, òun ló sì léwu jù. Nídìí ọpọ́n, ọmọ tí mo bá jẹ, ìwọ lo pàdánù rẹ̀. Bí mo bá là, o kú nìyẹn. Lórí ìyẹ́ bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwọn òṣèré méjèèjì, ìyẹn àwọn tó ń ta ayò náà, lè jọ pàdánù, kí wọ́n sì máa bọ ara wọn lọ́wọ́ pé àwọn ti parí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti ìyẹ́ náà. Bí bàálù bá ń fò, afẹ́fẹ́ abẹ́ ìyẹ́ ń tì í sókè ju bí ti orí rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló gbé gbogbo èrò inú bàálù dání. Àmọ́ ní ṣóńṣó ìyẹ́, afẹ́fẹ́ abẹ́ máa ń rí àyè sá lọ: á yí gba etí ìyẹ́ bọ́ sókè, á sì máa lọ́ yípo bí ìjì kékeré lẹ́yìn bàálù. Epo ni wọ́n fi ń san gbèsè ìjì yẹn, torí ó ń fa bàálù sẹ́yìn. Bí ìyẹ́ bá ṣe gùn tó láti ṣóńṣó kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn yìí ń dínkù. Nítorí náà, ẹnjiníà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, tí màá máa pè ní aláfẹ́fẹ́, bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún un, á na ìyẹ́ yẹn títí á fi kan ògiri ilé iṣẹ́.

Ẹnìkejì ni ẹni tó ń rí sí i pé ìyẹ́ ò kán. Onírin ni màá máa pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alumíníọ́mù tàbí okùn káábọ́ọ̀nù ló sábà máa ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń já a láyà, ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà, ẹ lè dúró bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ẹ wá na apá tààrà síwájú, kí garawa kan náà wà lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ kọ́ ló máa kọ́kọ́ pariwo, èjìká ni. Ìdí ìyẹ́, níbi tó ti so mọ́ ara bàálù, ni èjìká rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá gùn sí i, ìdí yẹn gbọ́dọ̀ lágbára sí i, agbára sì ń bá ìwúwo rìn. Ìwúwo tún dà bí owó èlé: kìlógíráàmù kan tó bá wọ ìyẹ́ á béèrè epo díẹ̀ sí i láti gbé e, epo yẹn náà ní ìwúwo tirẹ̀, ìyẹ́ á sì tún ní láti gbé ìyẹn náà.

Onírin ní ọ̀nà kan tó fi ń gba ara rẹ̀. Ẹ bi káfíńtà: pákó tí ẹ bá tẹ́ ní pẹlẹbẹ máa ń tẹ̀ bí èèyàn bá gorí rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá fi etí rẹ̀ gbé e dúró, pákó kan náà ò ní mì. Ìyẹ́ tí ìdí rẹ̀ bá nípọn, irin inú rẹ̀ ga, nǹkan díẹ̀ ló sì máa fi lágbára. Onírin fẹ́ràn ìyẹ́ tó sanra. Aláfẹ́fẹ́ ò fẹ́ ẹ rí, torí bàálù akérò máa ń sáré tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìyára tí ohùn fi ń rìn, ní ìyára bẹ́ẹ̀ sì rèé, afẹ́fẹ́ tó bá gun orí ìyẹ́ tó sanra máa ń ṣe wàhálà tó ń mú ìfàsẹ́yìn pọ̀ sí i.

Ó ti di ayò nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà kéékèèké gbé e síwájú yín. Èmi ni mo ṣẹ̀dá àwọn nọ́ńbà yìí kí ọ̀rọ̀ lè yéni, wọn ò wá látara bàálù kankan. Àmì ìyà la fẹ́ kà, bó bá ṣe kéré sí ló dára sí. Aláfẹ́fẹ́ ló ń yan bóyá kí ìyẹ́ gùn tàbí kó mọ níwọ̀n, ìfàsẹ́yìn sì ni ìyà tirẹ̀. Onírin ló ń yan bóyá kó nípọn tàbí kó fẹ́lẹ́, ìwúwo ni ìyà tirẹ̀.

Bí ìyẹ́ bá gùn tó sì fẹ́lẹ́, inú aláfẹ́fẹ́ dùn, ìyà 4 péré ló jẹ, àmọ́ onírin jẹ 9. Bó bá mọ níwọ̀n tó sì nípọn, ọ̀rọ̀ yí padà: onírin jẹ 4, aláfẹ́fẹ́ jẹ 9. Bó bá gùn tó tún nípọn, àwọn méjèèjì jẹ 7, 7. Bó bá mọ níwọ̀n tó sì fẹ́lẹ́, wọ́n jẹ 6, 6.

Ẹ wá jókòó sórí àga aláfẹ́fẹ́. Ẹ ò mọ ohun tí onírin máa yàn. Bó bá yan nínípọn, gígùn á fún yín ní 7, ìwọ̀nba á fún yín ní 9. Bó bá yan fífẹ́lẹ́, gígùn á fún yín ní 4, ìwọ̀nba á fún yín ní 6. Ohun yòówù kó yàn, gígùn ló dáa fún yín. Ẹ lọ jókòó sórí àga onírin, bákan náà ló rí: ohun yòówù kí aláfẹ́fẹ́ yàn, nínípọn ló dáa fún un. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì balẹ̀ sórí ìyẹ́ tó gùn tó tún nípọn, 7 àti 7, nígbà tí 6 àti 6 wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n.

Ibi tí wọ́n balẹ̀ sí yẹn lórúkọ. John Nash, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1950 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Princeton. Ó wà lára ohun tó mú kí òun, John Harsanyi àti Reinhard Selten jọ gba ẹ̀bùn Nobel ọrọ̀ ajé ní 1994. Ibi ìdúró Nash ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí èrè kankan nínú pé kí òun nìkan yí ohun tí òun yàn padà. Ẹ kíyè sí "òun nìkan". Aláfẹ́fẹ́ tó bá dá gé ìyẹ́ kúrú, 7 rẹ̀ á di 9. Onírin tó bá dá dín nínípọn kù, ohun kan náà lójú rẹ̀ máa rí. Torí náà kò sẹ́ni tó máa mira.

Ohun tó ń ru àwọn èèyàn lójú gan-an nìyí, ó sì máa ń ru àwọn ẹnjiníà pàápàá lójú. Nínú iṣẹ́ bàálù, fáìlì máa ń lọ, fáìlì máa ń bọ̀. Aláfẹ́fẹ́ á tún ìyẹ́ ṣe, á fi ránṣẹ́. Onírin á gbà á, á fi irin kún un, á dá a padà. Aláfẹ́fẹ́ á tún un tún. Kọ̀ǹpútà á ṣe èyí ní àìmọye ìgbà, nọ́ńbà á máa yí díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí kò ní yí mọ́. Wọ́n á ní, "Ó ti dúró." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ó ti dúró lóòótọ́, àmọ́ dídúró rẹ̀ ò ní kó dára. Ohun tó dúró yẹn lè jẹ́ ibi ìdúró Nash lásán, ìyẹn 7 àti 7. Bí ọgbọ́n ayò ò bá ṣe ohun mìíràn fún àwọn tó ń ṣètò bàálù ju pé ó kọ́ wọn láti ya "ó ti dúró" sọ́tọ̀ kúrò lára "ó ti dára", mo gbà pé ó ti ṣiṣẹ́.

Vilfredo Pareto, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Ítálì, ló fún wa ní òṣùwọ̀n kejì. Ìyẹ́ dé ibi tí Pareto wí nígbà tí kò bá sí ọ̀nà láti ṣe ẹnì kan lóore láì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì. 7 àti 7 ò débẹ̀, torí a lè ṣe àwọn méjèèjì lóore lẹ́ẹ̀kan náà. 6 àti 6 débẹ̀. 4 àti 9 náà débẹ̀ o! Pareto ò sọ pé kí wọ́n pín in dọ́gba. Ọ̀gá tó ń ra bàálù ló máa sọ èyí tó wù ú, ó sì sábà máa ń fi owó epo sọ ọ́.

Lọ́dún 1983 ni Thomas Vincent ti kọ̀wé pé kí àwọn ẹnjiníà máa lo ọgbọ́n ayò bí irinṣẹ́ ìṣètò. Nígbà tó di ọdún 1990 sí 1999, Kemper Lewis àti Farrokh Mistree ní Amẹ́ríkà fi ìṣètò bàálù akérò ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n sì gbé oríṣiríṣi ìlànà ayò kalẹ̀ fún un: kí oníkálukú dá ṣe tirẹ̀, kí ẹnì kan ṣáájú kí ìyókù tẹ̀ lé e, tàbí kí gbogbo wọn jọ jókòó.

Kí ẹnì kan ṣáájú: Heinrich von Stackelberg, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Jámánì, ló ṣàlàyé irú ayò yìí ní 1934. Ẹni tó ṣáájú mọ̀ pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa wo ohun tí òun ṣe kí wọ́n tó ṣe tiwọn, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò. Nínú ayò kékeré tí mo fi ṣàpẹẹrẹ, ṣíṣáájú ò yí nǹkan kan padà, torí olúkúlùkù ti ní ohun tó máa yàn tipẹ́. Nínú bàálù gidi, ẹni tó bá ṣáájú ló ń pàṣẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni yẹn ò tiẹ̀ sí nínú iyàrá.

Pápákọ̀ òfurufú ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tí Airbus ń ṣètò bàálù ńlá wọn, A380, àyè tí wọ́n fún bàálù tó tóbi jù lọ ní pápákọ̀ ni 80 mítà ní ìbú. Kò sẹ́ni tó máa wó ilé èrò torí bàálù kan. Ìyẹ́ A380 fẹ̀ tó 79.75 mítà. Ẹ ò rí i pé wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà wọn án! Bàálù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ tó gùn jù ìyẹn lọ ni aláfẹ́fẹ́ ì bá fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ pápákọ̀ ti ta tiwọn sílẹ̀ kó tó jókòó.

Ẹni tó ṣáájú tún lè jẹ́ ara ẹni lánàá. 737 kọ́kọ́ fò ní 1967. Wọ́n jẹ́ kó rẹlẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rọrùn láti kó ẹrù sínú rẹ̀ ní pápákọ̀ kéékèèké tí kò ní irinṣẹ́ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba abẹ́ ìyẹ́ wẹ́rẹ́. Nígbà tí 737-300 fi máa fò ní 1984, ẹ́ńjìnnì tó ń fi epo pamọ́ ti sanra. Wọn ò lè gbé bàálù ga láì tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀. Wọ́n bá ti ẹ́ńjìnnì síwájú ìyẹ́, wọ́n kó àwọn ohun tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì rún abẹ́ ẹnu rẹ̀ kó pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí irú rẹ̀ ní Ìkẹjà á ti rí i pé ẹnu ẹ́ńjìnnì náà ò rí roboto, ó dà bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Àwọn tó ń gbé ẹrù lọ́wọ́ ní 1967 ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jọ jókòó. Àpẹẹrẹ tó mú mi lọ́kàn jù ti pẹ́, ẹni tó ṣe é ò sì dárúkọ ayò rárá. Ludwig Prandtl ni, onímọ̀ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, ní Göttingen, ní Jámánì. Nǹkan bí ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti bi ara wọn pé: bí gígùn ìyẹ́ ò bá gbọ́dọ̀ yí, báwo ló ṣe yẹ kí ìyẹ́ pín ẹrù tó ń gbé láti ìdí dé ṣóńṣó kí ìfàsẹ́yìn lè kéré jù? Ìdáhùn ni pé kí ó tẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n là sí méjì gígùn-gígùn. Gbogbo ìwé ló ń kọ́ni ní èyí títí dòní, ó sì tọ̀nà. Àmọ́ ìbéèrè aláfẹ́fẹ́ nìkan ni. Onírin ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi í.

Ní 1933, Prandtl padà sídìí ọ̀rọ̀ náà, ó yí ìbéèrè. Ó ní kí gígùn yí bó ṣe fẹ́. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ni irin tó máa gbé ìyẹ́ ró. Ìyẹn ni pé ó fún onírin ní àga. Ìdáhùn yí padà. Ìyẹ́ tuntun kó ẹrù sún mọ́ ìdí, ó jẹ́ kí ṣóńṣó máa gbé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹ bá sì yàwòrán rẹ̀, agogo ló jọ. Ó fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju ti ẹyin lọ, ìfàsẹ́yìn tó ń ti ṣóńṣó wá fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, irin inú rẹ̀ ò sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Onírin ò pàdánù nǹkan kan. Aláfẹ́fẹ́ jèrè. Ìyẹ́ ẹyin, tí gbogbo ayé ń pè ní èyí tó dára jù, kò dé ibi tí Pareto wí bí a bá ka onírin mọ́ òṣèré.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé mo ní kí gbogbo ìyẹ́ jọ agogo. Ọ̀nà tí Prandtl fi wọn irin rọrùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ, oríṣi ìfàsẹ́yìn kan ṣoṣo ló sì kà. Ìyẹ́ tó gùn sí i ní awọ púpọ̀ sí i tí afẹ́fẹ́ máa fara ra. Mo mú un wá torí pé nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ká rí iye tó wà nínú pípe ẹnìkejì síbi ìpàdé.

Kí ló dé tí wọn kì í jọ jókòó nígbà gbogbo, nígbà tó jẹ́ pé ó lérè tó báyìí? Ìdí kan ni pé iyàrá náà ò lè gba gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ní láti yàn lórí bàálù kan pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é, kò sì ní ṣí ìwé àṣírí rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ìyẹ́. Ìdí mìíràn ni pé àwọn tó fẹ́ gbọ́ra wọn yé gan-an lè má gbọ́ra wọn yé. Wáyà tó wà nínú A380 kan tó nǹkan bí 530 kìlómítà, ìyẹn tó nǹkan bí okùn tí èèyàn lè na láti Èkó dé Àbújá gba ojú ọ̀run. Ilé iṣẹ́ Airbus ní Hamburg, ní Jámánì, ló ń ṣètò apá kan lára wáyà yìí, ti Toulouse, nílẹ̀ Faransé, ló ń to bàálù pọ̀. Sọ́fítíwíà ìyàwòrán kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, CATIA, àmọ́ ẹ̀dà kẹrin ni ti Hamburg, ẹ̀dà karùn-ún ni ti Toulouse, àwọn ẹ̀dà méjèèjì ò sì túmọ̀ ara wọn dáadáa. Nígbà tí wáyà dé Toulouse, òmíràn ò gùn tó ibi tó ń lọ. Wọ́n sún ọjọ́ ìfijíṣẹ́ síwájú léraléra, Oṣù Kẹwàá 2007 ni àkọ́kọ́ fi dé ọwọ́ Singapore Airlines. Ó rán mi létí ògiri mi, àfi pé sìmẹ́ǹtì tiwọn wọ́n.

Bí jíjọ jókòó ò bá ṣeé ṣe tán, ohun tó kù ni kí wọ́n pín oko dáadáa. Jean-Antoine Désidéri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní INRIA, ilé ìwádìí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìṣirò, ní Sophia Antipolis nílẹ̀ Faransé, ti ṣiṣẹ́ lórí èyí, ọgbọ́n rẹ̀ sì wù mí. Wọ́n ní kí aláfẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wá ìyẹ́ tó dáa jù fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wò ó: bí wọ́n bá ti ìyẹ́ yìí síhìn-ín, afẹ́fẹ́ á ké tòò, bí wọ́n bá tì í sọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Gbogbo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ò ti ní mọ̀ yẹn ni kí wọ́n kó fún onírin, kó máa ṣe bó ṣe fẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń dun afẹ́fẹ́ kù sọ́wọ́ aláfẹ́fẹ́. Wọ́n á wá ta ayò Nash wọn, kálukú lórí ilẹ̀ tirẹ̀, láìsí ìpàdé. Ibi tí wọ́n bá dúró sí ò ní jìnnà sí ibi tí aláfẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, onírin á sì ti rí nǹkan jẹ. Bàbá tó bá mọ oko rẹ̀ ló lè pín in báyìí: ẹni tó ń gbin ìrẹsì ló fún ní àkùrọ̀, ẹni tó ń gbin iṣu ló fún ní òkè.

Òṣèré kan ṣẹ́kù tí kò sí nínú iyàrá kankan, tí kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ojú ọjọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìjì tó máa pàdé bàálù lọ́dún kejìlá tó ti ń fò. Níbí ni wọ́n ti ń lo èrò von Neumann ti 1928 bí ẹni ń ta ayò gidi: ṣe bí ẹni pé ojú ọjọ́ jẹ́ ọ̀tá tó gbọ́n, tó máa yan ohun tó burú jù fún ọ, kí o wá yan ìyẹ́ tí ìyà rẹ̀ á kéré jù lọ́jọ́ burúkú yẹn. Òfin bàálù ti fi ìdáhùn kan lélẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìyẹ́ gbọ́dọ̀ lè gbé ìlọ́po kan àtààbọ̀ ẹrù tó le jù tí wọ́n rò pé ó máa bá pàdé láyé rẹ̀. Lóṣù Kìíní 1995, Boeing so ìyẹ́ bàálù wọn 777 mọ́ irin nínú ilé, wọ́n ń fà á sókè títí ó fi kán. Ó kán ní ìdá 154 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tó le jù yẹn; 150 ni òfin béèrè. Èèyàn lè rò pé onírin á fẹ́ kó dé 200. Rárá o. Bó bá dé 200, ó túmọ̀ sí pé irin tí kò nílò ló kó sínú ìyẹ́, aláfẹ́fẹ́ àti epo á sì máa jìyà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé bàálù náà. Ìdá 154 ni ti ẹni tó mọ ayò ta.

Boeing ṣe ìyẹ́ tuntun tó gùn ju ìyẹn lọ fún 777X, èyí tó kọ́kọ́ fò ní Oṣù Kìíní 2020. Ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ó fẹ̀ tó 71.75 mítà nínú afẹ́fẹ́, ó sì wu aláfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ tí 777 àtijọ́ ń lò ní pápákọ̀ kò gba ìyẹ́ tó tó 65 mítà. Àwọn tó ṣáájú ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Boeing bá jẹ́ kí ṣóńṣó ìyẹ́ máa ká sókè bí bàálù bá ti balẹ̀, ó wá ku 64.85 mítà, ó sì wọlé. Aláfẹ́fẹ́ rí gígùn rẹ̀, pápákọ̀ rí àyè rẹ̀. Ìdè tó ń ká ìyẹ́ yẹn, mọ́tò tó ń gbé e, ìkọ́ tó ń tì í pa kó má ṣí lójú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ wúwo, ọ̀dọ̀ onírin ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.